Èdè tó ń gbé inú ètò ìkọ̀wé, àti orúkọ tí kọ̀ǹpútà kò rí

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò. A gbé e jáde bí ó ṣe sọ ọ́.)

Alága ní kí n fi ogún ìṣẹ́jú bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà náà, ẹ má tíì dìde, torí mo jẹ gbogbo ilé yìí ní gbèsè àlàyé kan.

Ẹ ò ní gbàgbé ìpàdé tó kọjá. Mo dìde, mo ka orúkọ àwọn tí kò tíì san owó gbọ̀ngàn, mo sì ka orúkọ bàbá kan mọ́ ọn. Bàbá ò bínú, kò pariwo. Ó kàn fi ọwọ́ bọ àpò, ó yọ rísíìtì, ó ní kí wọ́n bá òun mú un wá síwájú. Èmi gan-an ni mo buwọ́ lu rísíìtì yẹn. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé wá lẹ́yìn ìpàdé. Àwọn kan sọ pé mo ṣe é ni. Àwọn kan ní owó ti wọgbó. Owó ò wọgbó, ó wà ní báńkì, akápò jẹ́rìí sí i lọ́jọ́ yẹn. Orúkọ ló sọnù. Mo délé, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ fi ṣú, mo ń wá ibi tí orúkọ náà gbà lọ. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

N kò ní dárúkọ bàbá. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Fọlọ́runṣọ́. Èmi ni mo tẹ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sí ìwé kìíní. Ọmọ kan tó ń ràn mí lọ́wọ́ ló tẹ ìwé kejì, ìyẹn orúkọ àwọn tó ti sanwó. Mo wá ní kí kọ̀ǹpútà bá mi wo ìwé méjèèjì pọ̀, ẹni tó bá wà nínú ìwé kìíní tí kò sí nínú ìkejì, kó kó o sí ọ̀tọ̀. Kọ̀ǹpútà kó Fọlọ́runṣọ́ sí ọ̀tọ̀. Mo wo ìwé kejì pẹ̀lú ojú ara mi, Fọlọ́runṣọ́ wà níbẹ̀, gbangba, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀. Ojú mi rí i, kọ̀ǹpútà ò rí i. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kì í rí lẹ́tà bí àwa ṣe ń rí i. Nọ́ńbà ló ń rí. Gbogbo lẹ́tà ayé ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé àdéhùn kan tí wọ́n ń pè ní Unicode. Nínú ìwé yẹn, ọ̀nà méjì ló wà láti kọ ọ olójú ìsàlẹ̀. Ọ̀kan ni kí o lo ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo. Èkejì ni kí o kọ o lásán, kí o wá kọ àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, nọ́ńbà méjì, tí ètò ìkọ̀wé á lẹ̀ pọ̀ lójú. Tí o bá tẹ̀ wọ́n sórí bébà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Nínú kọ̀ǹpútà, àjèjì sí ara wọn ni wọ́n. Kíbọ́ọ̀dù tèmi ń lo ọ̀nà kìíní, fóònù ọmọ yẹn ń lo ọ̀nà kejì. Ohun tó sọ bàbá ẹni ẹlẹ́ni di onígbèsè níwájú ìlú nìyẹn. Bàbá wà níbí lónìí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dárí jì mí.

Wàhálà àmì yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ́ tẹ̀wétẹ̀wé ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kí n tó ṣí tèmi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú, èmi ni mo tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Mo fi àmì sórí gbogbo orúkọ, mo gbé fáìlì lọ fún ilé ìtẹ̀wé kan. Ọjọ́ ìsìnkú ni mo tó rí i pé kọ̀ǹpútà wọn ò ní lẹ́tà wa. Ohun tó fi rọ́pò rẹ̀ rí báyìí: F□l□□run□□□. Àwọn ìyàwó ilé wa kan wò ó lọ wò ó bọ̀, ó ní, "Ta ló ń to àpótí sínú orúkọ ọkọ mi?" Ẹ̀rín pa gbogbo èèyàn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ń ṣe iṣẹ́ oníṣẹ́, mo máa ń yọ gbogbo àmì dànù ni, bí gbogbo àwa tẹ̀wétẹ̀wé ṣe ń ṣe. Kó má bàa di àpótí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ "oko" láìsí àmì sínú ìwé àdéhùn ìdílé, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ilẹ̀ ni wọ́n pín ni, àbí ọkọ̀, àbí ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, àbí ọkọ ìyàwó. Ó ṣì ku ìkan tí n kò ní dárúkọ níwájú àgbà.

Àbúrò mi ọkùnrin ló wá fi ètò kan hàn mí. Emacs ni wọ́n ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ẹni tó máa béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí láàpútọ́ọ̀pù àlòkù. Tí ẹ bá ti gbà á sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, kò nílò dátà mọ́, ẹ̀yin náà ẹ sì mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ṣe ń ṣe tí òjò bá ti ṣú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí èèyàn fi kọ ọ̀rọ̀, kó fi tún un ṣe, kó tọ́jú rẹ̀. Ìwọ̀nba yẹn, Word náà ń ṣe é, Notepad ń ṣe é. Kò lẹ́wà bíi Word pàápàá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní kí ló rí gbágungbàgun báyìí.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé èdè kọ̀ǹpútà kan ń gbé inú rẹ̀. Emacs Lisp lorúkọ èdè náà. Àárín gbùngbùn ètò yìí, èdè C ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, Emacs Lisp ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè yẹn kan náà ni wọ́n sì fà lé ẹni tó ń lò ó lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti gbé ilé onílé rí á yé. Ẹ fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri, ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ àyè. Ẹ fẹ́ gbé ilẹ̀kùn síbòmíràn, onílé á ní kí ẹ kó ẹrù yín. Ọ̀pọ̀ ètò tí à ń lò, ilé onílé ni. Èyí, wọ́n kó irinṣẹ́ káfíńtà àti ti bíríkìlà sínú ilé, wọ́n ní kí o máa tún un ṣe bó ṣe wù ọ́. O kò sì ní jáde kúrò nínú ilé kí o tó tún un ṣe. Wàá kọ ìlà kan, wàá tẹ bọ́tìnnì, ètò náà ti yí padà lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ò ń kọ ṣì wà níwájú rẹ.

Ẹ wo ìlà kìíní tí èmi kọ láyé mi:

(define-abbrev global-abbrev-table "ijr" "Ìjerò-Èkìtì")

Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Àkámọ́ ṣí, àkámọ́ padé. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àkámọ́ ni iṣẹ́ tí a ní kó ṣe, àwọn tó kù ni ohun tó máa fi ṣe é. Ó túmọ̀ sí: nígbàkígbà tí mo bá tẹ ijr, bá mi fi Ìjerò-Èkìtì rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú àmì tó pé. Mo gbé ojú mi sí òpin ìlà, mo tẹ Ctrl àti x, mo tẹ Ctrl àti e. Mo tan ohun tí wọ́n ń pè ní abbrev-mode. Mo kọ ijr, mo tẹ àyè. Ìjerò-Èkìtì jáde. Mo pariwo débi pé ìyàwó àbúrò mi sáré wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan mo ti kọ ti gbogbo ìlú àti àdúgbò wa sí i, bẹ̀rẹ̀ láti Ìjerò títí dé Ẹ̀fọ̀n. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ò le nínú rẹ̀. Èyí tó le ni pé mo pe ẹni mẹ́ta nípa àmì orí orúkọ ìlú kan ṣoṣo, ìdáhùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo gbà, ẹnì kẹta sì ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá òun.

Àwọn ọ̀dọ́ á máa sọ nínú pé, Àǹtí, ẹ̀yin kì í ṣe ẹnjiníà, kí ló kàn yín? Mo fẹ́ sọ ìtàn kan tó dùn mọ́ mi nínú púpọ̀, torí iṣẹ́ wa ló dá lé.

Èdè Lisp ti pẹ́. John McCarthy ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1958 ní MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà. Ní 1976, ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Stallman, òun àti Guy Steele, kó oríṣiríṣi àbùjá tí àwọn èèyàn ti ṣe sórí ètò ìkọ̀wé àtijọ́ kan jọ, wọ́n pè é ní Emacs. Ní 1978, Bernard Greenberg kọ irú rẹ̀ mìíràn fún ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Multics, Lisp ló sì fi kọ ọ́. Ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, àwọn akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Stallman ló máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n fún àwọn akọ̀wé wọ̀nyí ní ìwé ìtọ́sọ́nà tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè mú ètò náà bá iṣẹ́ wọn mu. Ìwé náà ò sọ níbi kankan pé kóòdù ni wọ́n ń kọ. Gbogbo wọn gbà pé àwọn ò lè kọ kóòdù láé, iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹkùn, ẹ̀rù ò bà wọ́n. Wọ́n kà á, wọ́n gbìyànjú rẹ̀, wọ́n ń ṣe é. Wọ́n ti ń kọ kóòdù tipẹ́ kí wọ́n tó mọ̀.

Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yẹn, mo ronú padà sí gbogbo ọdún tí mo fi jókòó nídìí kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, tí mo ń tẹ "Ado-Ekiti" ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ẹ̀rọ lè bá mi tẹ̀ ẹ́.

Stallman fúnra rẹ̀ kọ Emacs tuntun, èyí tí à ń lò lónìí, ó gbé e jáde ní 1985, ó ní kí gbogbo ayé máa lò ó, kí wọ́n máa tún un ṣe, kí wọ́n máa fún ara wọn. Ìgbà yẹn, lẹ́tà òyìnbó nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ dáadáa. Ta ló ṣe ti èdè àwọn yòókù? Àwọn tó ni èdè ni. Ní Japan, ní ilé ìwádìí ìjọba kan ní Tsukuba, Kenichi Handa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú Emacs, wọ́n tún un ṣe kó lè gba èdè tiwọn àti ọ̀pọ̀ èdè mìíràn pọ̀ nínú fáìlì kan. Mule ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Nígbà tó di 1997, tí Emacs 20 jáde, iṣẹ́ àwọn ará Japan ti di ara ètò náà fún gbogbo ayé. Wọn ò kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ilé iṣẹ́ kankan. Ohun tí wọ́n sì ṣe yẹn ni èmi Èkìtì wá ń lò ní yàrá mi.

Nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ni irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Quail. Wàá sọ fún un pé: tí mo bá tẹ èyí, kọ tọ̀hún. Mo ní, ó dáa, mo fẹ́ kí e pẹ̀lú àmì ìdánudúró di ẹ, kí o pẹ̀lú àmì ìdánudúró di ọ. Mo kọ ọ́, ó ṣiṣẹ́, mo jó. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá ní bàbá òun ti oko dé, "ó wá sílé." Kí ni kọ̀ǹpútà kọ? "Ó wá sílẹ". Gbogbo gbólóhùn tó bá ti parí sí e tàbí o, ojú ìsàlẹ̀ ló ń di, àmì ìdánudúró á sì pòórá. Ojú ewé méjì ni mo tẹ̀ kí n tó ṣàkíyèsí pé ìyá ò sinmi ẹnu níbì kan.

Mo wá ronú. Àwọn lẹ́tà òyìnbó kan wà tí Yorùbá ò lò rárá: c, q, v, x, z. Wọ́n kàn jókòó sórí kíbọ́ọ̀dù ni, wọn ò ṣiṣẹ́ fún wa. Mo ní kí x di àmì ìsàlẹ̀, kí v di ohùn òkè torí ó ṣe ṣóńṣó, kí q di ohùn ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́:

("ev" "é")
("ex" "ẹ")
("exv" "ẹ́")

Méjì àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta kọ̀. Tí mo bá tẹ exv, ẹ lásán ló ń jáde, ohùn òkè á ti jábọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a. Ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan? Unicode fún é ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún ẹ náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́. Ẹ àti àmì òkè ni, ẹni méjì tó ń gbé pọ̀. Quail sì rí méjì nínú ìlà mi, ó rò pé mo ní kó yan ọ̀kan nínú méjèèjì ni. Ó yan ti iwájú. Oògùn rẹ̀ ni kí èèyàn fi àkámọ́ onígun so wọ́n pọ̀:

("exv" ["ẹ́"])

Ìyẹn ni pé, má yà wọ́n, ọ̀kan ni wọ́n. Ó yanjú. Ìlà bí àádọ́ta ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá àti kékeré. Tí mo bá fẹ́ padà sí òyìnbó, mo tẹ Ctrl àti ìlà dídà, ó padà. Mo tún kọ ọ̀kan sí i tó jẹ́ pé nígbàkígbà tí mo bá ní kó tọ́jú fáìlì, á kọ́kọ́ sọ gbogbo ọ onínọ́ńbà méjì di ọ onínọ́ńbà kan. Iṣẹ́ yẹn ti wà nínú Emacs tẹ́lẹ̀, ìlà méjì péré ni mo fi pè é síbi iṣẹ́. Mo gbé ìwé orúkọ méjèèjì wá, mo jẹ́ kó fọ̀ wọ́n, mo tún wọn wò pọ̀. Fọlọ́runṣọ́ ti sanwó. Àwọn márùn-ún mìíràn náà ti sanwó, tí ojú tì láti sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Mo ti pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan fẹ́ na ọwọ́, á ní ṣebí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà lórí fóònù òun. Òótọ́ ni. Gboard ní in. Àwọn tó ṣe YorubaName náà gbé kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ jáde fún kọ̀ǹpútà. Ní Ìbàdàn, Dókítà Túndé Adégbọlá dá ALT-I sílẹ̀, ọdún gbọọrọ ni wọ́n ti fi ń ṣiṣẹ́ lórí èdè wa àti kọ̀ǹpútà. Mo kí gbogbo wọn. Ẹni tó bá jẹ́ pé Yorùbá àjùmọ̀lò ló ń kọ, ó lè lo tiwọn kó sì sùn dáadáa.

Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹgbẹ́ yìí dìbò pé a máa ṣe ńkọ́? A ní orúkọ àdúgbò, oríkì ìdílé, àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ohun tí ẹ kọ sínú ìwé ìpinnu nìyẹn, èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà wa kì í sọ "ilé". "Ulé" ni wọ́n ń sọ. Wọn kì í sọ "igi", "ugi" ni. Yorùbá àjùmọ̀lò kò gbà kí ọ̀rọ̀ kankan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú u. Ìyẹn ṣì rọrùn, u wà lórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ wá fetí sí "ilẹ̀" lẹ́nu ìyá yín. Ṣé u ti "ulé" náà ni? Ẹ pè é wò. Ẹ rí i, ó ti yàtọ̀. Ahọ́n wálẹ̀ díẹ̀, ohùn náà tú sílẹ̀. Fáwẹ́lì méje ni àìránmúpè Yorùbá àjùmọ̀lò. Ti Èkìtì, mẹ́sàn-án ni, àwọn onímọ̀ èdè ti kọ̀wé lé e lórí tipẹ́. Méjì tó lé yẹn, wọ́n máa ń fi àmì sí abẹ́ i àti u láti kọ wọ́n: ị, ụ. Ilẹ̀ á wá jẹ́ "ụlẹ̀", ilá á jẹ́ "ụlá". Ìgbò ń lo lẹ́tà méjèèjì, nítorí náà Unicode ti ní wọn. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kankan tí mo tíì lò kò ní wọn. Mi ò sì rí ilé iṣẹ́ ńlá tó máa jókòó ní Amẹ́ríkà kó máa ro ti ìyá àgbà ní Ẹ̀fọ̀n tó ń sọ pé "ụlẹ̀". Èrè wo ló wà níbẹ̀ fún wọn? N kò bá wọn jà.

Èmi fi ìlà mẹ́wàá kún tèmi. ux di ụ, ix di ị, pẹ̀lú ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ wọn. Alẹ́ kan ni mo fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ ìyá tí mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan, mo tún un tẹ̀, mo sì kà á fún un lórí fóònù. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Èmi nù un." Ẹni mẹ́rin nínú àwọn tí a gba ohùn wọn sílẹ̀ ti lọ. Ohùn wọn wà nínú fóònù tí bátìrì ti ń wú, a ò sì tíì tẹ ìdajì.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, tí Word nìkan wà lórí ẹ̀rọ yín, èdè kan ń gbé inú Word náà. Visual Basic ni wọ́n ń pè é, láti Word 97 ló ti wà níbẹ̀. Ẹ tẹ Alt àti F11, ẹ máa bá a. Ó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo sọ yìí. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan: ìwé tó bá ti lè gbé kóòdù sínú lè gbé kóòdù olè. Ní 1999, ohun tí wọ́n pè ní Melissa gba inú ìwé Word wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, ó ń fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ ẹni tó bá ṣí i. Ìdí nìyẹn tí Word fi máa ń béèrè lónìí pé ṣé kí òun gbà á láyè. Tí ẹ ò bá mọ ẹni tó kọ ọ́, ẹ ní rárá. Emacs náà bẹ́ẹ̀. Fáìlì tèmi tí mo máa fún yín, ẹ kà á kí ẹ tó lò ó, kò gùn.

Àbúrò mi ní kí n má gbàgbé Vim, torí òun ló ń lò ní tirẹ̀, wọ́n sì máa ń bá ara wọn jà lórí ìyẹn bíi ti àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù. Vim náà ní èdè tirẹ̀ nínú. Ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan, Bram Moolenaar, ló gbé e jáde ní 1991. Ní 1994 ó lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ibùdó àwọn ọmọdé ní Kibaale, ní Uganda. Látìgbà yẹn, ẹni tó bá ti ṣí Vim máa rí i tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ran àwọn ọmọ Uganda lọ́wọ́. Ètò náà ò gba owó, ó ní ẹni tó bá gbádùn rẹ̀ kó fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn. Ó kú ní oṣù kẹjọ 2023. Akápò, ẹ gbọ́ bí ẹnì kan ṣe fi ètò ìkọ̀wé kó owó ilé ìwé jọ, ẹ má kàn máa wo èmi nìkan tí owó gbọ̀ngàn bá kù.

Ó ku ohun méjì. Fáìlì náà wà lọ́wọ́ mi lórí fláàṣì, màá sì fi sórí WhatsApp ẹgbẹ́ lálẹ́ òní. Ọ̀dọ́ tó bá ní láàpútọ́ọ̀pù, kó dúró lẹ́yìn ìpàdé, ẹni mẹ́fà ni mo ń wá, a ó pín ohùn àwọn àgbà láàárín ara wa. Mi ò wá ẹnjiníà, ẹni tó lè tẹ̀wé, tó sì gbọ́ ohun tí màmá rẹ̀ ń sọ ni mo ń wá.

Ìkejì, ẹ̀yin àgbà ló kàn. Nígbà tí mo fi ojú ewé kìíní han àwọn kan, ará Ìjerò kan ní bí mo ṣe kọ ọ́ ló rí, ará Àrámọ̀kọ kan ní kò rí bẹ́ẹ̀ ní tiwọn, ẹnì kan láti Ẹ̀fọ̀n sì ní ẹnu Ìjẹ̀ṣà ti wọ ti àwọn. Kọ̀ǹpútà ò lè parí ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti pín bébà kan káàkiri, ogún ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀: ilé, ilẹ̀, igi, ilá, iṣu, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ pè wọ́n bí ẹ ṣe ń pè é nílé, ẹni tó jókòó tì yín á gbà á sórí fóònù. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò yín sí ìsàlẹ̀. Bàbá tí mo ṣẹ̀ ti ní òun ló máa kọ́kọ́ ka tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ wọn.